Iná èédú lábẹ́ ilẹ̀: bí a ṣe ń wá a rí, bí a ṣe ń sé e mọ́, bí a ṣe ń pa á

Iná tó mú èédú lábẹ́ ilẹ̀ kì í jó bí iná igbó. Ojú kì í sábà rí i, kì í sì í yára. Ó lè rìn mítà mélòó kan péré lọ́dún, kó sì máa jó bẹ́ẹ̀ fún ọgọ́rùn-ún ọdún. Ní Jharia, ní ìpínlẹ̀ Jharkhand lórílẹ̀-èdè Íńdíà, ọdún 1916 ni wọ́n kọ́kọ́ kọ irú iná yìí sílẹ̀, ní ibi ìwakùsà Bhowrah. Iná ṣì ń jó ní agbègbè náà títí di òní. Ní Centralia, ní Pennsylvania, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, oṣù Karùn-ún ọdún 1962 ló bẹ̀rẹ̀, òun náà kò sì tíì kú.

Èédú, ooru àti afẹ́fẹ́ ló ń gbé e ró. Èédú ò ṣe é kó tán lọ́jọ́ kan, ooru sì máa ń pẹ́ nínú àpáta. Afẹ́fẹ́ nìkan lọ́wọ́ èèyàn lè tètè tó. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé ni ẹ máa wá kí ẹ tó ra ẹ̀rọ omi, kí ẹ tó pe katapílà.

Bí èédú ṣe ń gbiná

Kò dìgbà tí ẹnì kan bá ṣáná sí i. Èédú tí a ti ṣí sílẹ̀ a máa fa ọ́síjìn mọ́ra, bó sì ti ń fà á ni ó ń gbóná. Bí afẹ́fẹ́ bá ń fẹ́ gba ibẹ̀ kọjá dáadáa, á gbé ooru náà lọ. Bí afẹ́fẹ́ kò bá sí rárá, èédú kò ní rí ohun tó máa fà. Àárín méjèèjì ló léwu: ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń yọ́ wọlé díẹ̀díẹ̀, tó pọ̀ tó láti bọ́ iná ṣùgbọ́n tí kò pọ̀ tó láti tu èédú lára. Irú ibẹ̀ ni inú òpó èédú tí wọ́n fi sílẹ̀ láti gbé àjà ihò ró, tó sì ti fọ́, òkìtì èédú kúnná tí wọ́n fi sílẹ̀ nínú ihò, àti eteetí ibi tí àjà ihò ti wó lulẹ̀. Bí ìgbóná bá fi 10°C lọ sókè, ìyára tí èédú fi ń fa ọ́síjìn á fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì. Tó bá ti kọjá nǹkan bí 70°C, kì í sábà tutù padà fúnra rẹ̀.

Gbogbo èédú kọ́ ló rí bákan náà. Lignite àti sub-bituminous, tí wọ́n jẹ́ ẹ̀yà èédú tó rọ̀, máa ń gbiná fúnra wọn ju anthracite, ẹ̀yà tó le jù, lọ. Èédú Enugu àti ti Okaba ní ìpínlẹ̀ Kogi jẹ́ ẹ̀yà sub-bituminous, nítorí náà ọ̀rọ̀ yìí kan ẹnikẹ́ni tó bá ń wà á tàbí tó ń kó o jọ ní Nàìjíríà. Ti Centralia jẹ́ anthracite. Pàǹtí ni wọ́n ń sun nínú kòtò ìwakùsà àtijọ́ kan, iná sì rí ojú ihò tí wọn kò dí, ó gba ibẹ̀ wọ inú àwọn ọ̀nà abẹ́ ilẹ̀. Nítorí náà, bí ẹ bá ní kòtò àtijọ́ ní ibi iṣẹ́ yín, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni da pàǹtí síbẹ̀. Ẹ sì fi amọ̀ bo gbogbo ibi tí èédú bá ti yọjú, kí iná igbó ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn má bàa mú un.

Ìgbésẹ̀ kìn-ín-ní: ẹ dáàbò bo èèyàn

Gáàsì ló ń tètè pa èèyàn níbi iná yìí. Carbon monoxide, tí a ó máa pè ní CO, kò ní àwọ̀, kò sì ní òórùn. Ẹ ṣètò mítà gáàsì yín kó máa pariwo ní 30 ppm, ìyẹn ìdá 30 nínú mílíọ̀nù kan. Tó bá ti dé 1,200 ppm, ẹ̀mí wà nínú ewu lójú ẹsẹ̀. Bí ọ́síjìn bá rẹlẹ̀ ju 19.5% lọ, ẹ jáde. Methane, gáàsì tó ń jáde lára èédú, máa ń bú gbàmù tó bá wà láàárín 5% sí 15% nínú afẹ́fẹ́, nítorí náà ẹ pa iná mànàmáná tó bá ti tó 1%, ẹ sì kó gbogbo èèyàn jáde tó bá kọjá 1.5%. Ìbòmú aṣọ tàbí ti eruku kò dá CO dúró rárá. Agolo afẹ́fẹ́ tí a ń gbé sẹ́yìn nìkan ló lè gbani níbi tí CO bá ti pọ̀.

Ẹ ṣọ́ ilẹ̀ náà pẹ̀lú. Èédú tó jó tán a máa fi ihò òfìfo sílẹ̀ lábẹ́ ilẹ̀ tí ó dà bíi pé kò ṣe nǹkan kan. Ní Centralia lọ́dún 1981, ilẹ̀ là mọ́ ọmọ ọdún 12 kan lẹ́sẹ̀ nínú àgbàlá. Ọpẹ́lọpẹ́ ẹni tó wà nítòsí tó fà á yọ. Ẹnikẹ́ni tó bá ń wọ ibi tó gbóná gbọ́dọ̀ wọ bẹ́líìtì ìdáàbòbò tí wọ́n so okùn mọ́, kí wọ́n so orí kejì okùn náà mọ́ ohun tó dúró lórí ilẹ̀ tútù. Kó máa fi ọ̀pá irin gún ilẹ̀ níwájú kó tó gbé ẹsẹ̀. Ẹni méjì ni kó máa wọlé pọ̀, kí ẹnì kẹta dúró síta pẹ̀lú rédíò. Ẹ má gbé ọkọ̀ sórí ibi tó ti sán. Apá ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ bọ̀ ni kí ẹ máa gbà wọlé.

Bí ilé bá wà nítòsí, ẹ gbé ẹ̀rọ tó ń kéde CO sínú yàrá ìsùn àti yàrá ìsàlẹ̀ wọn lọ́jọ́ àkọ́kọ́ gan-an. Gáàsì máa ń gba ojú sísán inú ilẹ̀ wọ ilé tí kò sí èéfín kankan níwájú rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ ya àwòrán iná náà

Ẹ kọ́kọ́ wá àwòrán ìwakùsà àtijọ́. Láìsí i, ẹ kò lè mọ ọ̀nà ihò tó so pọ̀ mọ́ òmíràn, ẹ kò sì lè mọ ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ẹsẹ̀ rin gbogbo ilẹ̀ náà láàárọ̀ kùtù. Ooru omi tó ń rú láti inú ilẹ̀ máa ń hàn nígbà tí afẹ́fẹ́ ìta bá tutù. Koríko tó kú ní àgbájọ kan lásìkò òjò, ilẹ̀ gbígbẹ nígbà tí gbogbo àyíká tutù, imí ọjọ́ aláwọ̀ ìyeyè tó dì mọ́ etí ibi tó sán, àti òkúta tó ti pọ́n bí bíríkì, àmì iná ni gbogbo wọn. Nínú ihò ìwakùsà, òógùn tó ń sẹ̀ lára ògiri àti òórùn bíi ti kẹrosíìnì ni àwọn awakùsà fi máa ń tètè mọ̀.

Kámẹ́rà tó ń rí ooru wúlò púpọ̀, ṣùgbọ́n kí ilẹ̀ tó mọ́ ni kí ẹ lò ó, nítorí òkúta tí oòrùn ti pa á tàn yín jẹ. Ẹ sì rántí pé ojú ilẹ̀ nìkan ló ń rí. Ooru lè lo oṣù púpọ̀ kó tó la àpáta dé òkè, nítorí náà ilẹ̀ tútù kò túmọ̀ sí pé kò sí iná nísàlẹ̀.

Ohun tó ń fìdí ọ̀rọ̀ múlẹ̀ ni ihò àyẹ̀wò. Ẹ gbẹ́ wọn ní mítà 10 sí 20 síra wọn, kí wọ́n dé ìsàlẹ̀ ìpele èédú. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó tutù lọ síbi tó gbóná, kí awọn òṣìṣẹ́ ẹ̀rọ má bàa já lu ihò òfìfo. Ẹ ti páìpù irin bọ̀ ọ́, kí ẹ sì dé orí rẹ̀ pa. Ihò àyẹ̀wò tí a fi sílẹ̀ ní ṣíṣí ti di ẹnu ọ̀nà tuntun fún afẹ́fẹ́ nìyẹn. Ẹ ka ìgbóná ní jíjìn mẹ́ta ó kéré tán nínú ihò kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn èyí, ẹ gbé èéfín díẹ̀ sí ẹnu gbogbo ibi tó sán: èyí tó bá fà á wọlé ni ọ̀nà àbáwọlé, èyí tó bá tì í jáde ni ọ̀nà àbájáde. Ẹ fi àwọ̀ méjì sàmì sí wọn lórí àwòrán. Àwòrán yìí ni gbogbo iṣẹ́ tó kù máa dúró lé.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ ka gáàsì, kí ẹ ṣírò rẹ̀

CO tí ẹ kà lẹ́ẹ̀kan kò sọ nǹkan púpọ̀, nítorí afẹ́fẹ́ tó pọ̀ lè pò mọ́ ọn kó sì dín in kù. Ìṣirò kan tí wọ́n ń pè ní ìṣirò Graham ló ń yọ àbùkù yìí kúrò. Ẹ fi 0.265 sọ ìwọ̀n nitrogen, gáàsì tó pọ̀ jù nínú afẹ́fẹ́, di púpọ̀, kí ẹ yọ ọ́síjìn kúrò nínú rẹ̀: ohun tó kù ni ọ́síjìn tí èédú ti jẹ. Ẹ wá fi 100 sọ CO di púpọ̀, kí ẹ fi ọ́síjìn tó ti jẹ yìí pín in. Ìdá nínú ọgọ́rùn-ún ni kí gbogbo wọn jẹ́.

Ẹ jẹ́ ká ní nitrogen jẹ́ 80.0%, ọ́síjìn 19.4%, CO 180 ppm, tíí ṣe 0.018%. 0.265 lọ́nà 80 jẹ́ 21.2, bí a bá yọ 19.4 kúrò, ó ku 1.8. CO lọ́nà 100 jẹ́ 1.8. Ìdáhùn jẹ́ 1.0. Tí ìdáhùn bá wà nísàlẹ̀ 0.4, kò séwu. Tó bá ti tó 0.5, ẹ lọ yẹ gbogbo ibẹ̀ wò. Tó bá tó 1, èédú ń gbóná níbì kan dájúdájú. Tó bá tó 2, ìgbóná náà ti le gan-an. Tó bá ti di 3, iná ló ń jó. Bí ọ́síjìn tó ti jẹ bá kéré ju nǹkan bí 0.3 lọ, ẹ má gbára lé ìdáhùn náà, nítorí àṣìṣe kékeré nínú mítà á yí i padà pátápátá. Ẹ tún máa wo ethylene, gáàsì kan tí èédú gbígbóná ń tú jáde: kì í sábà hàn kí èédú tó kọjá 100°C.

Àkókò tí ẹ bu gáàsì ṣe pàtàkì. Ibi tí a sé mọ́ máa ń mí. Bí ìwọ̀n ìtẹ̀ afẹ́fẹ́ òkè bá ń lọ sílẹ̀, á mí síta. Bó bá ń gòkè, á fa afẹ́fẹ́ tútù sínú, ohun tí ẹ sì máa bù nígbà náà ni afẹ́fẹ́ tí ẹ̀yin fúnra yín ń mí. Ní ilẹ̀ olóoru, ìtẹ̀ yìí máa ń ga ní nǹkan bí aago mẹ́wàá àárọ̀, ó sì máa ń lọ sílẹ̀ títí di nǹkan bí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Nítorí náà, aago méjì sí mẹ́ta ọ̀sán ló dára jù. Ẹ bù ú ní àkókò kan náà lójoojúmọ́, kí ẹ lè fi tòní wé tàná.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ẹ mú ọ̀nà kan, kí ẹ sì ṣe é parí

Bí iná bá wà lókè, tí kò jìn, tó sì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, ẹ hú u jáde. Kò sí ọ̀nà mìíràn tó dájú tó o. Bí ó bá ti jìn jù, ẹ sé afẹ́fẹ́ mọ́ ọn, kí ẹ sì ti nǹkan dí inú rẹ̀. Bí ó bá ti gbòòrò ju agbára yín lọ, ẹ gbẹ́ kòtò ìdínà síwájú rẹ̀, kí ẹ lè gba ohun tó kù là.

Ohun tí ẹ kò gbọdọ̀ ṣe ni kí ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú owó tí kò lè parí iṣẹ́. Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò. Bó bá dàgbà tán, ẹbọ ní í máa gbà. Ní Centralia, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ ilẹ̀ lọ́dún 1962, owó tán, iná sì ti kọjá ibi tí wọ́n gbẹ́ dé. Wọ́n tún gbìyànjú láti fi òkúta lílọ̀ àti omi dí ọ̀nà ihò, èyí náà kò parí. Nígbà tó fi máa di ọdún 1983, ìṣirò owó tí wọ́n máa fi gbẹ́ kòtò tó lè dá iná náà dúró ti tó 660 mílíọ̀nù dọ́là. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Amẹ́ríkà yan nǹkan bí 42 mílíọ̀nù dọ́là láti fi kó àwọn ará ìlú kúrò.

Híhú u jáde. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn ibi tí iná dé, lórí ilẹ̀ tútù, kí ẹ máa bọ̀ wá sí àárín. Ẹ máa wọ́n omi bí i òjò wẹ́wẹ́ sórí ohun tí katapílà ń hú, kí ẹ má fi ìdí kòtò sílẹ̀ ní ṣíṣí mọ́jú. Amọ̀ ni kí ẹ fi bò ó bí iṣẹ́ bá dúró. Ilẹ̀ tí ẹ ṣí yìí, afẹ́fẹ́ tuntun lẹ ń fún iná, nítorí náà iṣẹ́ gbọ́dọ̀ máa lọ tọ̀sán tòru títí tó fi máa parí. Èédú gbígbóná tí ẹ kó jáde, ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀ ní fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, kó má nípọn ju 30 sẹ̀ǹtímítà lọ, kí ẹ fi omi pa á, kí ẹ po erùpẹ̀ mọ́ ọn, kí ẹ sì fi tẹmómítà wò ó ní ọjọ́ kejì àti ọjọ́ kẹta. Bí ẹ bá kó o jọ ní òkìtì, á tún gbiná. Bí ẹ bá fẹ́ fi àdó fọ́ àpáta, ẹ kọ́kọ́ ka ìgbóná inú ihò àdó náà. Òfin ìwakùsà Íńdíà kò gbà kí a ti àdó sínú ihò tó bá gbóná ju 80°C, ó sì yẹ kí gbogbo èèyàn di ìlànà yìí mú.

Kòtò ìdínà. Ó gbọ́dọ̀ gba gbogbo ìpele èédú kọjá, kó sì wọ inú àpáta ìsàlẹ̀ rẹ̀. Bí èédú sẹ̀ǹtímítà 20 péré bá ṣẹ́kù ní ìdí kòtò, iná á gba ibẹ̀ kọjá. Ẹ ṣírò àkókò kí ẹ tó yan ibi tí ẹ máa gbẹ́. Bí ihò àyẹ̀wò bá fi hàn pé iná ń rin mítà 3 lóṣù, tí iṣẹ́ sì máa gba oṣù 8, mítà 24 ni iná máa rìn kí ẹ tó parí. Ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po méjì, kí ẹ gbẹ́ kòtò ní mítà 50 síwájú. Amọ̀, yanrìn tàbí eérú ni kí ẹ fi kún un. Ẹ má da òkúta dúdú ìwakùsà sínú rẹ̀, nítorí èédú wà lára rẹ̀, òun náà á jó.

Fífi amọ̀ bo ojú ilẹ̀. Àwọn ará Ṣáínà ti lo ọ̀nà yìí púpọ̀ ní Xinjiang: wọ́n á tẹ́ ilẹ̀, wọ́n á fi omi àti ẹrẹ̀ kún inú ihò, wọ́n á wá fi erùpẹ̀ bò ó. Ẹ kọ́kọ́ la ojú ibi tó sán kó fẹ̀, kí ẹ fi ẹrẹ̀ yanrìn àti amọ̀ kún un, nítorí bí ẹ bá kàn da amọ̀ lé e lórí, á tún là. Ẹ wá tẹ́ amọ̀ tútù ní ìpele sẹ̀ǹtímítà 25, kí rólà tẹ ọ̀kọ̀ọ̀kan mọ́lẹ̀ kí ẹ tó gbé òmíràn lé e, títí tó fi máa nípọn tó mítà 1 ó kéré tán. Kó kọjá ihò àyẹ̀wò tó gbóná kẹ́yìn ní mítà 10 sí 15 ní gbogbo ẹ̀gbẹ́. Ẹ jẹ́ kó dagun díẹ̀ kí omi òjò má dúró lórí rẹ̀. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ló máa ń bàjẹ́ jù: amọ̀ á gbẹ, á sán, afẹ́fẹ́ á wọlé. Ẹ gbin koríko sí i, ẹ má gbin igi, nítorí gbòǹgbò igi tó bá kú á di páìpù afẹ́fẹ́.

Títi ẹrẹ̀ dí inú ihò. Eérú ilé iṣẹ́ mànàmáná àti omi, ọ̀kan sí ọ̀kan ní ìwọ̀n ìwúwo, pẹ̀lú símẹ́ǹtì 5% sí 10%, ló máa ń ṣàn dáadáa, tó sì máa ń dì. Ẹ gba inú ihò mílímítà 100 sí 150 tí wọ́n fi mítà 5 sí 10 jìnnà síra dà á wọlé. Ẹ kọ́kọ́ dí ìlà ìta, níbi tó ṣì tutù, kó di ògiri, kí ẹ tó máa wọ àárín. Bí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ láti àárín, ooru omi á ti gáàsì gbígbóná lọ sínú èédú tí iná kò tíì dé.

Sísé ọ̀nà ihò mọ́ láti inú. Iṣẹ́ yìí ló léwu jù, nítorí bí afẹ́fẹ́ bá ti dín, methane inú ihò á máa pọ̀ sí i lọ síbi tó ti lè bú, iná sì wà níbẹ̀ tó máa tàn án. Ẹ gbẹ́ ẹ̀gbẹ́, àjà àti ilẹ̀ ihò wọlé tó 30 sẹ̀ǹtímítà títí ẹ fi máa kan ibi tó le. Ẹ mọ ògiri bulọ́ọ̀kù méjì, kí ẹ fi yanrìn tàbí eérú kún àárín wọn. Ẹ fi páìpù tí ẹ máa fi bu gáàsì sí i, kí orí rẹ̀ wọ inú jìnnà sí ògiri. Ẹ fi páìpù omi sí ìsàlẹ̀ pẹ̀lú, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ kọ́rọ́ kí omi máa dúró nínú rẹ̀, kí afẹ́fẹ́ má bàa gba ibẹ̀ wọlé. Ẹ fi ilẹ̀kùn kékeré sílẹ̀ lára ògiri àbáwọlé àti ti àbájáde. Ìgbà kan náà ni kí ẹ ti méjèèjì. Lẹ́yìn èyí, kí gbogbo èèyàn jáde kúrò nínú ihò fún wákàtí 24 ó kéré tán.

Fífi nitrogen kún un. Bí àyè tí ẹ sé bá jẹ́ 10,000 mítà onígun mẹ́ta, tí ẹ sì fẹ́ kí ọ́síjìn kúrò ní 21% wá sí 5%, nítorí pé nitrogen á máa dàpọ̀ mọ́ afẹ́fẹ́ inú bó ti ń wọlé, ẹ nílò nǹkan bí 14,400 mítà onígun mẹ́ta. Ẹ̀rọ tó ń fún yín ní 500 ní wákàtí kan á lo nǹkan bí wákàtí 29, ìyẹn bí ògiri kò bá ń jò. Ó máa ń jò, nítorí náà ẹ má pa ẹ̀rọ lẹ́yìn tí ọ́síjìn bá ti wálẹ̀. Nitrogen ń pa iná, ṣùgbọ́n kò gbé ooru lọ. Bí ẹ bá dá a dúró nígbà tí àpáta ṣì gbóná, tí ọ́síjìn sì padà wọlé, iná á tún ràn.

Omi: ìwọ̀n rẹ̀ àti ewu rẹ̀

Omi ni gbogbo èèyàn máa ń sáré gbé, òun náà ló sì ti ba iṣẹ́ púpọ̀ jẹ́. Mítà onígun mẹ́ta kan ti àpáta tó gbóná dé 400°C nílò nǹkan bí lítà 280 kó tó tutù dé 70°C, bí gbogbo omi náà bá di ooru omi lórí àpáta yẹn. Kì í rí bẹ́ẹ̀. Omi á wá ọ̀nà tirẹ̀ gba ojú sísán ṣàn lọ, ẹ̀gbẹ́ iná á sì wà ní gbígbẹ. Ohun tí ẹ rò pé ó tó, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po púpọ̀, kí ẹ sì rí i dájú pé ẹ ní orísun omi tí kò ní tán ní ìdajì iṣẹ́.

Lítà omi kan á di nǹkan bí lítà ooru omi 1,700. Nínú àyè tí kò ní ọ̀nà àbájáde, bíbú ló máa bú. Èédú tó ti pọ́n kuku tún máa ń sọ omi di CO àti hydrogen, gáàsì méjèèjì sì máa ń gbiná. Nítorí náà, ẹ máa tú omi láti ẹ̀gbẹ́ lọ sí àárín, kí ọ̀nà àbájáde ooru omi wà, kí ẹnikẹ́ni má sì dúró sí ẹnu ihò tàbí ẹnu ibi tó sán nígbà tí omi bá ń wọlé.

Lẹ́yìn tí èéfín bá ti dáwọ́ dúró

Èéfín tó dáwọ́ dúró kì í ṣe ẹ̀rí pé iná ti kú. Ẹ máa ka ihò àyẹ̀wò lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ fún oṣù mẹ́ta, lẹ́yìn náà lóṣooṣù títí ọdún kan ó kéré tán, kí àyẹ̀wò náà lè kan ìgbà òjò àti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ẹ lọ wo ojú amọ̀ lẹ́yìn gbogbo òjò ńlá. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ ṣí ibi tí ẹ ti sé, kí CO ti parẹ́, kó sì wà bẹ́ẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀. Kí ọ́síjìn inú rẹ̀ máa wà nísàlẹ̀ 2%. Kí ìgbóná inú gbogbo ihò àyẹ̀wò sì ti bá ti àpáta àdúgbò dọ́gba. Bí CO bá parẹ́ nígbà tí ọ́síjìn wà ní 15%, afẹ́fẹ́ ló ń jò wọlé tó pò mọ́ ọn, tó sì dín in kù. Ẹ lọ tún ògiri ṣe, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ kíka ọ̀sẹ̀ yín láti orí ọ̀kan.